Ṣọ́ọ̀ṣì Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta ti Àsùmáù

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Àsùmáù ní Manigri, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí. Idrissou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wó. Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni Idrissou. Àríyànjiyàn ló bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àsùmáù ń wàásù nípa tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Ó ní Jésù ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé yóò wó, tí òkúta kan kò ní kù lórí èkejì. Ogun sì dé lóòótọ́, ó wó o palẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sókè.

"Ṣùgbọ́n ìjọ Kristi," ó ní, "kò sí ohun tó lè..."

Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ló bá a parí ọ̀rọ̀. Ó rọra tẹ̀, ó ya lulẹ̀ gbìì. Ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ rẹ̀ ta kìjí, ó gba àárín ìjọ kọjá.

Kò sẹ́ni tó fara pa, àfi Idrissou tí ìhà ń dùn nítorí ẹ̀rín.

Kò sí ọmọ Manigri tí kò mọ bí a ṣe ń mọ ilé. A ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Àsùmáù náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kà á pé Jésù ní bí wọ́n bá wó tẹ́ḿpìlì, òun yóò gbé e ró ní ọjọ́ mẹ́ta. Lòun náà bá mọ tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, amọ̀ tútù lórí amọ̀ tútù. Idrissou kìlọ̀ fún un títí, kò gbọ́.

"Ara rẹ̀ ni Jésù ń sọ, kì í ṣe ilé," ni Àsùmáù ń ṣàlàyé bó ṣe ń kó àwókù. "Èmi ni mo ṣì í túmọ̀."

"Amọ̀ ló wá túmọ̀ rẹ̀ fún ọ," ni Idrissou fèsì.

Ní ọjà Bassila tó ti ń ta iṣu, Àsùmáù kì í dá iye owó lé iṣu àfi tó bá kọ́kọ́ sọ bí Jerúsálẹ́mù ṣe wó. Àwọn obìnrin ẹ̀yà Anii tí wọn kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ á máa mi orí títí ìlú yóò fi jóná tán, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ dópin ń gba ènì.

"Olówó orí mi," ni Aminatou, ìyàwó rẹ̀, wí, "Jerúsálẹ́mù ti wó o, iṣu wa náà ń tán lọ."

Idrissou mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Àsùmáù wà ní ọ̀dọ́, ogun Dàhòmì kó o lójú ọ̀nà Ṣábẹ̀. Ó rí ìlú tó jóná, ó rí ilé tó dahoro. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sá dé Abẹ́òkúta, níbi tó ti kọ́ ìwé, tó sì gba Jésù gbọ́ kó tó padà wá sílé. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ohun tí ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn àwókù ló ń wá.

Ó tún ṣọ́ọ̀ṣì mọ, ó jẹ́ kí amọ̀ gbẹ. Iná ìgbẹ́ jó òrùlé. Ó kó ìjọ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi irú. Ẹní kan ṣoṣo gbà wọ́n.

Nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kí Àsùmáù gbádùn mọ́, Idrissou bá a dé oko lọ wa iṣu tuntun.

"Àsùmáù, ìwọ nìkan ló mọ̀wé nínú yín. Ọjọ́ tí o bá kú ni ìjọ rẹ kú."

Àsùmáù wó ebè kan, ó gé iṣu, ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò, ó sì fi erùpẹ̀ bò ó.

"Kí ni mo wó?"

"Ebè."

"Kí ni mo fi sílẹ̀?"

"Orí iṣu, kó lè ta èbù tí a ó tún gbìn."

"Ṣé iṣu ti tán nìyẹn? Èmi ni ebè, ọ̀rẹ́ mi."

"Ebè tó lẹ́nu báyìí, n kò rí irú rẹ̀ rí," ni Idrissou wí. Kò sọ pé, "O jàre." Kò sọ ọ́ fún un rí láyé.

Kí èbù náà tó gbó, Àsùmáù kú. Idrissou fúnra rẹ̀ bá wọn gbẹ́ sàréè.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi pé, ó sọ nílé pé òun ń lọ wo bí òun ṣe borí. Ó dé abẹ́ igi irú, kò bá ẹnì kankan. Ó ti borí nìyẹn, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó jókòó, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má borí.

Nígbà tó yá, Aminatou dé pẹ̀lú ẹní lórí, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwàásù ọkọ rẹ̀ lórí: bí Jésù ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, bí òkúta kan kò ṣe ní kù lórí èkejì. Ó dé ibẹ̀, ẹkún gbà á lóhùn, ó sì gbàgbé èyí tó kàn.

"Ogun sì dé lóòótọ́," ni Idrissou sọ láti ẹ̀yìn. "Ibẹ̀ lo dé."

"Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ǹjẹ́ ọkọ rẹ fún mi láyè kí n má mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Aminatou nu ojú, ó kà á dópin, títí kan ibi tí ògiri kò ti jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ tán lọ́jọ́ tó wó.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Idrissou gba ibi sàréè kọjá. Ó dúró níbẹ̀.

"Àsùmáù," ó ní, "o jàre."

Ó ti ń lọ kó tó tún bojú wẹ̀yìn.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, èmi ni mo jàre."