Àlọ́ Ojú Oòrùn

Kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní máa ń ní òórùn kan tó kan díẹ̀, tó sì dùn díẹ̀, bí ẹmu àná. Títí di òní, bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni ọkàn mi ń lọ, nítorí inú ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí wọ́n ń sá kòkó sí iwájú rẹ̀, ni a ti kàwé láyé ọjọ́un. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ, ni wọ́n bá kó kíláàsì tiwa sórí àga tí àwọn àgbà ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹsẹ̀ wa kì í kanlẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, ooru tó ń ti ara àpáta Olósùnta bọ̀ á bò wá mọ́lẹ̀, oorun á sì máa kun gbogbo wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìgbàrà-Odò ni tíṣà wa. Ó ní pàṣán, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n kì í lò ó fún oorun ọ̀sán. Ìwé ìtàn kan ló ń mú jáde nínú àpò rẹ̀, ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní irú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó sọnù sígbó ni, tí ẹtu kan ń júwe ọ̀nà ilé fún un. Bí tíṣà bá dé ibi tí ẹtu ti ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, gbogbo wa á sì na ọrùn. Kí wọ́n tó lu agogo, á ní kí ẹnìkan nínú wa dìde, kó ka ìyókù ojú ewé náà fún àwọn tó kù. Lọ́jọ́ tó kàn mí, mo kà á bí ẹni pé èmi ni mo ni ẹtu náà. Ó ní, "O káre. Lọ́la, ùwọ náà ni." Ṣé o mọ ohun tí gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ọmọ tí wọn kì í sábà yìn? Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé ọmọ tó bá pàlọ́ lójú oòrùn, ìyá rẹ̀ ni yóò kú. Tíṣà ní ìwé kíkà lèyí, kì í ṣe àlọ́. Ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn, a ní kì í ṣe àlọ́! Àwọn ọmọ kan ń fi ìka di etí, àmọ́ wọn kì í dì í dáadáa, kí ìtàn má baà fo wọ́n kọjá. Èmi ò tilẹ̀ di tèmi rárá.

Àìsàn sì ń ṣe ìyá mi nígbà náà. Ikọ́ ni, ó ti ń bá a fínra láti ìgbà òjò, kí tíṣà náà tó fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú wa. Àgbà ló ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ọmọdé kì í ṣe é. Nígbà tí kò lè dá dìde lórí ẹní mọ́, ẹ̀rù bà mí, mo lọ bá ìyá bàbá mi nídìí ààrò, mo bi í bóyá àlọ́ inú ìwé náà wà lára èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Ó wádìí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan pé èmi náà kà á sókè. Kò lù mí. Ó káwọ́ lérí, ó ní n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́. Ó dá mi lójú wàyí pé èmi ni ikú ìyá mi.

Nígbà tí tíṣà kò rí mi, ó wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà kò ní kó dìde. "Tíṣà, mú ùwé rẹ kúrò ní ulé yìí," ó wí. "Aya ọmọ mi ń kú lọ."

Ìyá mi gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó ní kí wọ́n gbé òun àti ẹní òun síta, síwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń ta, tí àwọn aládùúgbò sì ń yí kòkó wọn. Wọ́n rò pé atẹ́gùn ló fẹ́ gbà. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pè mí. "Gba ùwé yẹn lọ́wọ́ tíṣà. Jókòó, kà á sókè."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní bí mo bá kà á, yóò kú. Ó wúkọ́ títí, ó nu ẹnu, ó sì gbé ohùn sókè bó ti lè ṣe é: "Ẹ̀yin ará ulé, ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo ní kó kà á. Ohun yòówù tó bá ṣe mí, ẹ má bi ọmọ yìí."

Mo kà á. Mo ń fo ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń yí kòkó dúró. Ìyá mi tí kò mọ̀wé ní kí n tún ibì kan kà, ibi tí ọmọ náà ti bi ẹtu bóyá òun náà ti sọnù rí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi kú kí wọ́n tó ta kòkó ọdún náà tán. Mo rí bí àwọn kan ṣe ń wò mí nígbà tí wọ́n wá kí wa, ṣùgbọ́n ojú wọn ló ṣe níwájú ilé wa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kú. Kò sẹ́ni tó sọ sí mi létí, ní ìkọ̀kọ̀ tàbí ní gbangba, pé èmi ni mo pa á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ mí, ó sì mú mi lọ bá tíṣà. "Mo mú un dé," ló wí. "Àṣẹ yèyé rẹ̀ ni." N kò lérò pé yóò dúró. Ó lọ sórí àga ẹ̀yìn, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí kò ga tó èjìká rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán, títí tíṣà fi ṣí ìwé. Kò di etí. Ó ń fi etí ìborùn nu ojú, ó sì ń gbọ́.

Èmi náà di tíṣà, mo sì kàwé sókè fún ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ìyá mi kàn fẹ́ràn ìtàn náà ni, tàbí pé ó fẹ́ kí n kàwé dáadáa. Ìgbà tí àìsàn dá èmi náà dùbúlẹ̀, tí àwọn ọmọ tèmi ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ni ó tó yé mi. Ó mọ̀ pé òun ò ní dìde. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ bẹ́ẹ̀, èmi ni yóò gbé ikú òun rù títí ayé, n kò sì ní lè ṣí ìwé kankan mọ́ láì rí ojú òun. Kò lágbára láti yè fún mi. Ẹ̀mí díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀, ó fi gba ẹ̀bi náà lórí mi kó tó dé.