Òfin Tí Mo Fi De Alága

Àtẹ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Nínú gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí wa ní Houston ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yan àbúrò kan ní alága ẹgbẹ́. Èmi tí a jọ du ipò náà ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Inú mi ò dùn rárá. Èmi ni mo lọ gbé e ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tó dé Amẹ́ríkà. Pálọ̀ mi ló sùn sí fún oṣù mẹ́ta. Èmi ni mo kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Ìlara mú mi débi pé n kò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi, bẹ́ẹ̀ èmi kì í kọ ìrẹsì.

Inú ìwé ìtàn ọmọ mi obìnrin ni mo ti rí ohun tí mo máa ṣe. Ó ń kà nípa ìlú Fẹ́nísì, ní ilẹ̀ Ítálì àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń dìbò yan olórí. Wọ́n á wọ aṣọ tí wọ́n fi òwú wúrà hun fún un, wọ́n á fi í sáàfin, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá lẹ́tà ṣí, kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn, kò gbọ́dọ̀ jáde nílùú láìgba ìyọ̀nda ìgbìmọ̀. Bí ó bá kú, wọ́n á tún fi òfin kún ìbúra ẹni tó kàn. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo dìde, mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì gbé òfin Fẹ́nísì kalẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ronú kàn án. Wọ́n gbà á wọlé, wọ́n sì fi mí ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ alága. Alága búra. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà." Nínú ààwẹ̀, ẹnì kan fún un ní páálí dàbínù kan, ó gbé e wá síwájú wa, kò jẹ ẹyọ kan. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ara ìyá mi ò yá. Mo fẹ́ tọrọ ìyọ̀nda láti lọ sílé." Mo ní kó dúró de ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Ó ní, "Kò burú, sà. Òfin ni." Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n sì sin ín kí wọ́n tó kírun Àsárì.

Kò pọndandan kí ìgbìmọ̀ pé. Èmi nìkan tó láti fọwọ́ sí i, kò sì mọ̀ títí dòní. Gbogbo ọdún Iléyá ló ń wá kí mi nílé mi ní Cinco Ranch, á dọ̀bálẹ̀, á ní kí n ṣàdúrà fún ìyá òun. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá tèmi ṣì wà láyé, síbẹ̀ mo ń jowú alága, nítorí ó lè wo ojú mi, èmi ò sì lè wo tiẹ̀.