Ìyẹ̀fun Igi Lórí Ebè Ìyàwó Káfíńtà

Káfíńtà kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dán nídìí pákó, ṣùgbọ́n tí kò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ ìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé wọn kò ju ibi téèyàn lè sá aṣọ sí lọ, síbẹ̀ obìnrin yìí ń sin adìyẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń rí tòmátì àti tẹ̀tẹ̀ já, ewé wọn á dúdú minimini. Gbogbo Sátidé ni ọkọ máa ń gbé àpò ìyẹ̀fun igi kan bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó á gbà á, á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá wa," á sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Káfíńtà kò bi í rí pé kí ló ń fi ṣe. Oúnjẹ ló máa ń béèrè ní tiẹ̀.

Àfìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún kọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀fọ́ mi. Òun ni kí ẹ máa sè fún mi." Káfíńtà di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin. Lójú tiẹ̀, bí ẹ̀fọ́ yẹn bá yè, ìyàwó òun náà á yè.

Ó ro ó títí. Ṣebí ìyẹ̀fun igi tí òun ń gbé bọ̀ ni oúnjẹ ẹ̀fọ́ náà? Ó bá gbé e bọ̀ ní tútù, tí òórùn igi ṣì wà lára rẹ̀, ó fi ọkọ́ rò ó mọ́ ebè, àpò lórí àpò. Ìfẹ́ náà máa ń ṣe àṣejù, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Kò pẹ́ tí ewé tòmátì fi pọ́n ràndánràndán, tẹ̀tẹ̀ kò sì ga mọ́. Ó tún fi kún un.

Ló bá di pé ó ń lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà fún ọmọbìnrin wọn, tó wá ń tọ́jú ìyá rẹ̀, láti sè. "Ti ẹ̀yìnkùlé rẹ nìyí o," ni yóò wí fún aláìsàn. Obìnrin náà á jẹ díẹ̀, á ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé òun dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n gbé e lórí àga. Ó wo ebè náà títí.

"Bàbá wa, ìyẹ̀fun tútù lẹ rò mọ́ ọn?"

"Òun kọ́ lo máa ń lò ni?"

Obìnrin náà fi ààbọ̀ ẹnu rẹ́rìn-ín. "Abẹ́ adìyẹ ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí. Tí wọ́n bá ti yàgbẹ́ sí i, màá kó o jọ pẹ̀lú èèpo iṣu, màá máa bomi sí i, màá máa yí i títí á fi jẹrà. Tó bá wà ní tútù, òun fúnra ẹ̀ á kọ́kọ́ fa agbára ilẹ̀ mu, kò ní ṣẹ́ kù fún ẹ̀fọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

Ọ̀rọ̀ náà dun káfíńtà wọra. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tó bá jẹrà jinná?"

"Òórùn ẹ̀ ni. Ẹ bù ú wá, màá gbóòórùn ẹ̀ fún yín."

Ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ òkìtì tuntun bí ìyàwó ṣe wí. Á yí i kó tó lọ síbi iṣẹ́, á wá ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n àìsàn kò dúró de òkìtì. Ó tún kọlu obìnrin náà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mú un lọ.

Káfíńtà kò dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá, ó tọwọ́ bọ òkìtì, ó rí i pé ó ti dúdú, ó sì ń fọ́ lọ́wọ́. Ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó yára gba ilé ìdáná kọjá, ó ti wọ yàrá ìyàwó rẹ̀ kó tó rántí. Ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé bá a níbi tó dúró sí.

"Gbóòórùn ẹ̀ wò. Ṣé ó ti jinná?"

Ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀. "Bàbá, mi ò mọ̀. Èmi náà ò bi wọ́n."

Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ sún mọ́ imú, ó ń gbóòórùn rẹ̀ léraléra, omijé sì ń kán sí i.