Omi Òkun Ilé Ọ̀gá Mi ní Moniya

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fojú kan àwọn ẹja náà, mo rò pé ọ̀gá mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹja ìjọba ní apá Moniya nígbà náà, tí mo ń fún ẹja àrọ̀ àti epìyà lóúnjẹ nínú kòtò omi. Ẹja tí èmi mọ̀ ni ẹja tí ènìyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé. Ọ̀gá wá mú mi lọ sí pálọ̀ ilé wọn, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n ní èmi ni àwọn fẹ́ fi àwọn ẹja àwọn sí níkàáwọ́. Àpótí gíláàsì ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó gùn tó bẹ́ńṣì, omi kún inú rẹ̀, iná funfun ń tàn lókè rẹ̀. Nínú gbogbo agbami yẹn, ẹja méjì péré ni mo rí. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò gùn tó ìka àárín mi.

Mo béèrè ìgbà tí ẹja náà máa dàgbà. Ọ̀gá ní wọ́n ti dàgbà tán.

Mi ò ní purọ́, wọ́n lẹ́wà. Ara wọn jẹ́ àwọ̀ aró tó gba aṣọ dáadáa, ẹ̀yìn wọn sì pọ́n bí ọsàn. Ẹja áńgẹ́lì ni òyìnbó ń pè wọ́n, èyí tó kéré jù nínú ìran wọn. Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọ̀gá ló fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ní irú wọn ò wọ́pọ̀, pé etí erékùṣù kan láàrin òkun ni wọ́n ti ń rí wọn. Ó wá bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí òun lóṣooṣù nípa bí ẹja náà ṣe ń ṣe sí. Bí Ọ̀gá mi ṣe di bàbá ẹja nìyẹn, tí èmi sì di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹja.

Òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ ni mí nígbà náà. Ọjọ́ tí mo bá yọjú nìkan ni mo ní iṣẹ́, wọ́n sì lè ní kí n má wá lọ́la láì sọ ìdí. Bàbá mi ti kú, èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà ìyá mi àti àbúrò méjì ní Lalupon. Ọ̀gá ṣèlérí fún mi pé tí ẹja méjèèjì bá wà láàyè fún ọdún kan, àwọn á fọwọ́ sí ìwé tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ ìjọba tòótọ́. Wọ́n ní tí ọ̀kan bá kú, kí n má wulẹ̀ padà sí ọ́fíìsì, kí n kọjá sí Lalupon lọ yan gàrí. Láti ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo máa ń ṣe àdúà fún ẹja kí n tó ṣe fún ara mi. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ tuntun mi fún ìyá mi, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n wá béèrè pé mélòó ni yóò tó ìkòkò ọbẹ̀ kan. Mo ní wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ ni? Mo ní rárá o. Wọ́n ní kí n dìde kí n wá bá àwọn bó ẹ̀gẹ́.

Ẹja òkun kì í gbé inú omi kànga. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Lásísì, dírẹ́bà Ọ̀gá, máa ń wa mọ́tò láti Moniya dé Èkó lọ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, nígbà tí àwa tí à ń gbé àdúgbò náà ń jà nídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Tí iná bá lọ, ẹja ni jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún. Ìyàwó Ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Fọlá, olùkọ́ ni wọ́n. Mo máa ń bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń fi ìwé àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ ara wọn, tí fáànù sì ń fẹ́ sí àpótí gíláàsì nínú ilé. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé tí àwọn bá tún ayé wá, inú gíláàsì yẹn ni àwọn á gbé.

Ohun èlò tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà ni ìgò ìwọ̀n. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ìdí rẹ̀ wúwo, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí lára. Tí a bá jù ú sínú omi tó ní iyọ̀, á léfòó. Tí iyọ̀ bá dín, á rì wálẹ̀. Omi òkun gidi máa ń gbé e dúró sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àràárọ̀ ni mò ń wò ó, tí mo sì ń kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé kan, torí pé ìwé yẹn náà ló ń lọ bá òyìnbó lókè òkun. Ọ̀gá tún kọ́ mi pé ooru máa ń fa omi, ṣùgbọ́n kì í fa iyọ̀. Nítorí náà, tí omi bá dín nínú gíláàsì, omi lásán ni kí n fi dí i. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, èyíinì ò ṣé jiyàn. Lórí ẹja àti iyọ̀ ni wọ́n kọ ìwé ńlá tó sọ wọ́n di dókítà.

Ìgò yìí ló tú Lásísì fó. Nínú oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ẹja náà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì dé, mo wọ̀n ọ́n, ìgò rì dé mẹ́jọ. Mo ní níbo lo ti pọn omi yìí. Ó ní òkun ni, òun tiẹ̀ rí ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé ọ̀sà lòun ti pọn ọ́n, lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun, torí pé wọ́n ń dáná lọ́wọ́ nígbà tí òun ń kọjá. Ọ̀gá dá a padà sí Èkó lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo ń wọn omi rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin, mo rí i pé ó dára, mo bá jáwọ́.

Ọ̀gá mi kórìíra kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà àti ohun ìyanu. Akọ̀wé kan gbé ìgò òróró àdúrà sórí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá jù ú gba ojú fèrèsé, wọ́n sì bá gbogbo wa wí. Wọ́n ní irú wa ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ yìí lọ síwájú. A mi orí. Ta ni yóò bá dókítà jiyàn.

Lọ́dún yẹn, ipò ọ̀gá àgbà ṣí sílẹ̀ ní orílé-iṣẹ́. Ọ̀gá mi ń wá a, ọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ́ wọn náà ń wá a. Ọ̀gá ò jẹun dáadáa mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bínú. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni, epo mọ́tò sì di góòlù. Omi tí Lásísì gbé wá kẹ́yìn ti wà nínú àpótí, kò sí kẹ́ẹ̀gì kankan nílẹ̀ mọ́, kò sì sí epo tí yóò fi lọ pọn òmíràn.

Ìgbà náà ni ìgò bẹ̀rẹ̀ sí rì. Ó kúrò ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó di mẹ́tàlélógún, ó di ogún. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ta mí lólobó, alihamudulilai ni mo ṣe sí i. Lásìkò ooru, omi máa ń dín lóru, tí màá sì fi omi lásán dí i láàárọ̀. Láwọn ọjọ́ yẹn, mo máa ń bá àpótí ní kíkún dẹ́nu lójoojúmọ́. Mo ní Ọlọ́run ló dín iṣẹ́ mi kù. Mi ò bi ara mi pé ta ló ń bá mi dí i.

Lásísì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní ó ti tún lọ pọn omi ọ̀sà fún wa. Bí mo bá rò ó dáadáa ni, màá mọ̀ pé omi burúkú ì bá ti já ìgò wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Lalupon ti bà mí, mi ò ro nǹkan kan. Mo lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọ̀gá. Wọ́n pè é, wọ́n bú u níwájú mi. Ó fi Àlùkùránì búra pé òkun ni. Ọ̀gá ní irú wọn kì í yíwà padà. Láti ọjọ́ yẹn, Lásísì kì í kí mi mọ́.

Ìgò di mẹ́rìndínlógún. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta, tí ẹja náà máa ń já jẹ, bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà, omi sì ń rùn. Àràárọ̀ ni Ọ̀gá ń béèrè ohun tí ìgò wí. Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí n ṣọ́ ọ dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, mo bá òkú èyí tó tóbi jù nínú ẹja náà nísàlẹ̀ àpótí. Ìgò dúró sí méjìlá. Ọ̀gá jáde láti yàrá, aṣọ ìnura wà lọ́rùn wọn, wọ́n rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lọgun. Wọ́n ní èmi ni mo pa ẹja àwọn, kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ. Wọ́n gba ọ̀nà yàrá padà lọ wọ aṣọ.

Mo sunkún, kí n má tàn yín. Mo sá wọ balùwẹ̀ àlejò lọ bọ́jú. Báàkẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tí omi kún dé ìdajì, kàn-ìn-kàn-ìn tuntun àti bébà pélébé kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà Sáàmù sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bu omi náà sójú, ó ṣàn dé ètè mi, ó níyọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé omijé mi ni. Mo tún bù ú, mo tọ́ ọ wò. Ìgò ìwọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sọ ọ́ sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Méjìlá géérégé.

Mo pe Ọ̀gá. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ta ló ní kí n wọ ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo ìgò. Wọn ò wò ó. Wọ́n jókòó sórí ìdérí ṣáláńgá òyìnbó.

"Wòlíì ní kí n fi omi òkun wẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún," ni wọ́n wí. "Ó ku ọjọ́ méjì."

Ìdajì báàkẹ́ẹ̀tì lójúmọ́. Wọn ò lè rán Lásísì lọ pọn omi ìwẹ̀ náà lọ́tọ̀, torí pé gbogbo Moniya ló máa gbọ́. Wọ́n wá ń bu ti ẹja kí n tó dé, wọ́n sì ń fi omi kànga dí i kí n má bàa fura.

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ mọ̀ pé ó lè pa wọ́n?"

"Mo rò pé wọ́n á lè fara dà á."

Títí di òní, inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó kàwé lórí iyọ̀ títí tó fi di dókítà.

Wọ́n dìde, wọ́n mú fáìlì tí ìwé iṣẹ́ ìjọba mi wà nínú rẹ̀ láti yàrá, wọ́n gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ ẹja lé e, wọ́n wá fi bírò lé gbogbo rẹ̀ lórí. Wọ́n ní òyìnbó máa fẹ́ mọ ohun tó fa ikú ẹja. Wọ́n ní kí n kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pé omi tí dírẹ́bà gbé wá kẹ́yìn kò dára. Màmá Fọlá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí. Mo ro ìyá mi, mo ro àwọn àbúrò mi. Mo kọ ọ́. Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n sì ní kí Lásísì máa lọ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọkùnrin kejì ló gba ipò náà. Mi ò mọ omi tí òun fi wẹ̀. Dírẹ́bà tuntun gbé omi òkun gidi dé, mo ń gbé ìgò sókè díẹ̀díẹ̀, ẹja tó kù sì yè fún ọdún méjì sí i. Èmi náà dúró sẹ́nu iṣẹ́, mo ń gba ìgbéga, mo di ọ̀gá lórí àwọn kòtò ẹja.

Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, mò ń lọ Lalupon. Mo jókòó síwájú, mo bojú wo dírẹ́bà, Lásísì ni. Ó ti hewú. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó ní òun gbọ́ pé mo ti di ọ̀gá ńlá, kí n má wulẹ̀ tọwọ́ bàpò, òun lòun máa gbé mi délé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó béèrè ìyá mi. Nígbà tí a kọjá Olódò, ó sọ̀rọ̀ láì wo ojú mi.

"Omi yẹn, Sìkírá, òkun ni mo ti pọn ọ́n. Ìgbì tiẹ̀ rẹ ṣòkòtò mi."

Mo lè ní ó ti pẹ́. Mo lè ní Ọlọ́run ló mọ̀.

"Mo mọ̀," ni mo wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹja kú."

Ó ń wa mọ́tò rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń já èrò sílẹ̀, ó ń gbé òmíràn. Nígbà tí a dé Lalupon, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Lásísì na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó ń retí owó ọkọ̀ rẹ̀.