Morádéyọ̀ Tó Gbàgbé Láti Ka Ara Rẹ̀

Ọdún mẹ́rìnlá ni Morádéyọ̀ ti fi ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí iye èrò tó kà yàtọ̀ sí iye tó wà nínú ìwé. Yóò di ẹ̀rọ kékeré kan mọ́wọ́, yóò máa rìn lọ láàárín àga: orí kan, tíkì, orí kan, tíkì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tó bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ ka àwọn áńgẹ́lì ná kó tó jókòó.

Ọdún mẹ́rìnlá yìí ló sọ ọ́ di ẹni kọkàndínlógún nínú ìwé àgbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-iṣẹ́ wọn ní Johannesburg nìyẹn: ẹni tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ mú ọjọ́ ìsinmi. Yàtọ̀ sí Kérésì, Morádéyọ̀ kì í mú ju Sátidé àti Sọ́ńdè lọ, nítorí ọjọ́ méjèèjì yẹn ni Damaris, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́jọ, máa ń ti ilé bàbá rẹ̀ ní Soweto wá bá a. Ọjọ́ márùn-ún yòókù, bàbá ló ni ín. Ilé-ẹjọ́ ló pín in bẹ́ẹ̀.

Àfi bí àdéhùn iṣẹ́ tuntun ṣe dé. Owó oṣù yóò gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa sọ ìwé àgbà nù. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa pín ọjọ́ bó bá ṣe wù ú.

Ẹni tó fẹ́ràn àdéhùn yìí bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni Bọ̀dá Fúnṣọ́. Ọmọ Iléṣà ni, ó fi ọdún mẹ́wàá ju Morádéyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ló wọṣẹ́.

"Ọmọ tí mo lè rán níṣẹ́ nílé," ló máa ń wí nínú yàrá òṣìṣẹ́, "òun ló ń mú Kérésì kó tó kàn mí. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń jẹ Kérésì lójú ọ̀run lókè Congo."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi," ni Morádéyọ̀ yóò dáhùn. "Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ máa ta fóònù ní Joubert Park?"

Ti orí WhatsApp tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Morádéyọ̀ fi ń bú u níbẹ̀ láàárọ̀ lọ́sàn-án, pẹ̀lú ìtẹríba kíkún.

Gbọ̀ngàn kan ní Braamfontein ni wọ́n ti dìbò. Kí àwọn tó gbà dúró lápá fèrèsé, kí àwọn tó kọ̀ dúró lápá ẹnu ọ̀nà. Bọ̀dá Fúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ló dárúkọ ẹni tí yóò kà wọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí Morádéyọ̀ kà á. Tí ọ̀rọ̀ bá wá bẹ́yìn yọ, kò ní rí ẹni dá lẹ́bi."

Morádéyọ̀ mú ẹ̀rọ rẹ̀, ó gba àárín lọ. Apá fèrèsé jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Apá ẹnu ọ̀nà náà, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó tún un kà, kò yí padà. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ni pé bí ìbò bá dọ́gba, àdéhùn tuntun ti wọlé nìyẹn. Bọ̀dá Fúnṣọ́ jó láti ibi fèrèsé dé ìdí ike omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Morádéyọ̀ ń ka èrò tó ń lọ Durban. Ó dé ìlà kẹjọ, àtàǹpàkò rẹ̀ ta kú. Wọn kì í ka òṣìṣẹ́ mọ́ èrò. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò ka ara rẹ̀ rí, títí kan ti ìbò àná.

"Eish," ló wí.

"Èrò mélòó ló sọnù?" ni Bùkúnmi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bi í.

"Èmi ni mo sọnù."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú onílàjà, obìnrin kan tí ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ jọ gbà pé ohun tó bá sọ labẹ gé. Onílàjà gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó bọ́ gíláàsì.

"Mo gbà pé ẹ ò ka ara yín. Ṣùgbọ́n àárín lẹ wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé apá ẹnu ọ̀nà lẹ ò bá lọ? Ẹnikẹ́ni ló lè wá sọ bẹ́ẹ̀ lónìí."

Morádéyọ̀ ń wo gbogbo Sátidé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbéra nílẹ̀ lọ.

Ni Bọ̀dá Fúnṣọ́, tó wá ṣojú àwọn tó gbà, bá nawọ́. Ó ti tẹ gbogbo èébú orí WhatsApp sórí ìwé, ojú ewé mọ́kànlá, kó lè fi hàn pé ẹni tó lẹ́nu báyìí kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé ìbò lé lọ́wọ́. Ó dìde, ó ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"'Ẹ káàárọ̀, sà. Ewúrẹ́ tó ń bá alásun ṣa igi ìdáná ni yín, sà.' Mọ́ńdè nìyẹn. 'Ẹ káàsán, bọ̀dá mi. Kí n tó gba àdéhùn yín yìí, màá kúkú kó lọ sílé ìgbẹ́ bàálù.' Àárọ̀ ọjọ́ ìbò gan-an ni ti ìkẹyìn: 'Ẹ jí ire, sà. Òní la máa sin àdéhùn yín, ẹ wọ dúdú wá.'"

"Aago mélòó nìyẹn?"

"Aago méje. Aago mẹ́jọ la dìbò. Mi ò tíì jẹun, màdáámù."

"Ṣé kò lè ti yí ọkàn padà kó tó di aago mẹ́jọ?"

"Ta ni? Morádéyọ̀?" Inú bí Bọ̀dá Fúnṣọ́. "Màdáámù, ẹ ò mọ ọmọ yìí. Tí orí rẹ̀ bá ti gba ibì kan, kò sí ẹ̀dá tó lè yí i."

Bọ̀dá Fúnṣọ́ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo onílàjà tó ń kọ nǹkan, ó rọra jókòó bí ẹni tí àga ń jó nídìí.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún sí mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún," ni onílàjà wí. Ìwé àgbà kò lọ ibì kankan.

Wọ́n bá ara wọn níta lẹ́bàá iná ojú títì tí wọ́n ń pè ní robot, wọ́n ń dúró kí iná ó dá ọkọ̀ dúró. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ dáadáa sórí kọnkéré.

"Ẹ ṣeun, sà."

"Má bá mi sọ̀rọ̀."

"Fúràìdé ni Kérésì ọdún yìí. Màá mú un, màá bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣáà fi Sátidé mi sílẹ̀ fún mi, sà."

Bọ̀dá Fúnṣọ́ fà á dìde. "Shap, mo gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n o máa pa ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn rẹ́."

"Kò ṣe é pa rẹ́ mọ́, sà. Ẹ ti kà á sínú ìwé onílàjà."