Àyè Inú Ìṣẹ́tí

Láti ìgbà tí Òpó-Iná ti gbọ́njú, aṣọ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ìyá náà kò sì gbà pé ó yẹ kí aṣọ ọmọ bá ọmọ lára mu. Yóò rán apá rẹ̀ kó bo ọmọ lọ́wọ́, yóò ká ìṣẹ́tí rẹ̀ sínú ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò wá ní, "Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. O máa bá a níwájú." Ọdọọdún ni wọ́n ń tú ìlọ́po kan sílẹ̀. Béèyàn bá wo yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ dáadáa, á rí ilà ibi tí ìṣẹ́tí ti wà rí, bí ibi tí omi ga dé lára ògiri.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún wàyí. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ń tẹrí ba fún ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ẹni ń kí àgbà. Onídìrí tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn ló sọ ọ́ ní Òpó-Iná.

Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe ìdágbére fún kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ìwé wọn. Oníkálukú máa gun orí pèpéle, á sọ ohun tó fẹ́ dà. Òpó-Iná ò tíì mọ èwo ni kó mú. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ òfúrufú ló fẹ́ máa wà. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, àwòrán ilẹ̀ ló fẹ́ máa yà. Láàárọ̀ òní, bó ṣe ń fọ eyín, ó ń ka ìròyìn fún jígí. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ ọn, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé gáùn tó máa wọ̀ gun pèpéle yẹn gbọ́dọ̀ bá a mu géérégé. Kò tún ní wọ aṣọ ẹni tí kò tíì dé mọ́.

Gáùn tuntun náà wà lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì: aláwọ̀ ewé, ó ń dán, ó sì fẹ̀ bí àgọ́.

"Màmá, mo ti ga tán. Ẹ jẹ́ kó bá mi mu lẹ́ẹ̀kan yìí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé o ti ga tán?"

"Ara mi ni."

"Ara ẹ ò tíì bá mi sọ ọ́." Ìyá rẹ̀ ká iṣẹ́ oníbàárà kan sínú báàgì, ó gbé e lọ fún un.

Kò tíì yà ní kọ̀rọ̀ tí ọmọ fi yọ gáùn lórí ìkọ́, tó sì wọ̀ ọ́. Ó fi téèpù lé ìbàdí, ó fà á dé abẹ́ orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka nọ́ńbà rẹ̀. Kó lè dá a lójú, ó tún un wọ̀n, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni. Ó bọ́ aṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá. Kò ká a sínú rárá o. Gígé ló gé e dànù, wẹ́wẹ́, kí ìyá má baà rí i rán padà.

Nígbà tó tún un wọ̀ tó nàró síwájú jígí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti yọjú síta, bí aládùúgbò tó gbọ́ ariwo.

Onídìrí ló kọ́kọ́ rí i, láti ojú fèrèsé, tòun ti kóòmù lọ́wọ́. "Òpó-Iná, aṣọ àbúrò ẹ nìyẹn?"

"Ẹ mọ̀ pé mi ò ní àbúrò, mà."

"Mo mọ̀. Òun ló ń yà mí lẹ́nu."

Ibẹ̀ ni ìyá bá wọn. Ó wo ọmọ, ó wo aṣọ wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Ó na téèpù sí i. "Fi bó o ṣe wọ̀n ọ́n hàn mí."

Òpó-Iná fi téèpù lé ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wá àga jókòó.

"Ṣé béèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, iwájú rẹ̀ ò ní kúrú ni? Kò sẹ́ni tó ń wọn ara ẹ̀, ọmọ mi. Èmi gan-an, onídìrí yìí ló ń bá mi di téèpù mú."

"Mo sì ń bá a yọ díẹ̀ kúrò níbi ìbàdí," ni onídìrí wí, "nítorí ìfẹ́."

Òpó-Iná ti fẹ́ sunkún tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín já a gbà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi máa ń fi àyè sílẹ̀ tó báyẹn, Màmá?"

"Kí ni kí n ṣe? Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo rò pé èjìká mi lo máa ga mọ. Wo ibi tó o wà. Ẹni tí ò mọ ibi tí ọmọ máa dé, ṣebí kó fi aṣọ sílẹ̀ ni."

Ọmọ ronú lórí ìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń bi í léèrè ohun tó fẹ́ dà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́. Ìyá rẹ̀ ò bi í rí. Ó kàn ń fi aṣọ sílẹ̀ ni.

Ìyá ní kó yan aṣọ tí wọ́n máa rán mọ́ ìsàlẹ̀ gáùn náà. Aláwọ̀ ọsàn ló mú, ìyá fa ojú ro, ó sì gé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ló di téèpù mú, ọmọ nàró ṣánṣán, ó ń wo àjà.

"Abẹ́ orúnkún. Ó tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó tó, mà." Ó bojú wo aṣọ aláwọ̀ ọsàn náà. "Ẹ ká díẹ̀ sínú."

"Mo ṣebí o ti ga tán."

"Díẹ̀ ni mo wí, Màmá."

"Ìlọ́po mẹ́ta," ni onídìrí wí láti ojú fèrèsé. "Mo mọ ẹni tí mo pè ní Òpó-Iná."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí olùkọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ dà lórí pèpéle, ó ní, "Mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí, sà. Wọ́n ṣì lè pọ̀ sí i." Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá. Ó ń rẹ́rìn-ín sọ̀ kalẹ̀, ìṣẹ́tí aláwọ̀ ọsàn náà wúwo, ó ń gbá a lójúgun pẹ́pẹ́ bó ṣe ń lọ.