Fumie àti Gọ́ọ̀mù Tí Kò Là

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Hatakeyama Fumie fi lẹ irin mọ́ irin ní ilé ìwádìí kan ní ìlú Sẹ́ńdáì. Yóò ha ọ̀pá irin pẹlẹbẹ méjì, yóò fi ẹ́pọ́sì, gọ́ọ̀mù tí iná ń mú le bí òkúta, lẹ̀ wọ́n pọ̀, yóò yan wọ́n nínú ààrò, yóò sì gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ wọ́n láàárín títí ọ̀kan yóò fi fẹ́ yọ̀ kúrò lórí èkejì. Gọ́ọ̀mù náà lágbára, àmọ́ kò ní sùúrù: bó bá ti sán díẹ̀ báyìí, gbàù! Ó ti là dé ìdí.

Nígbà òtútù ọdún kẹtàlélógún yẹn, Chinatsu, ọmọbìnrin tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní ilé ìwádìí náà, ń po ike lílọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù kó lè máa fara dà á. Ike náà kàn ń dì ní kókó-kókó ni.

"Ìyá, àbí ọwọ́ mi ni ò dáa?" ó bi Fumie.

"Ọwọ́ ẹ dáa. Ojú ló ń kán ẹ."

Fumie gbé gọ́ọ̀mù ka iná wẹ́rẹ́, ó ń bu ike sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó fún odidi wákàtí mẹ́rin, títí gbogbo rẹ̀ fi yọ́ tó ń dán bí oyin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé irin méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù náà lẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ń retí gbàù. Gbàù ò dún. Irin gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọrun.

"Ẹ pa á! Ẹ pa ẹ̀rọ!" Chinatsu figbe ta. "Irin ti tẹ̀, gọ́ọ̀mù ò là! Kí la máa wá kọ sílẹ̀ báyìí?"

Fumie ti di àga mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyẹn lò ń sunkún sí? Irin ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ọmọ yìí!"

Wọ́n wá irin tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, gọ́ọ̀mù náà là níkẹyìn, tìkọ̀tìkọ̀, lẹ́yìn tó ti gba agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àtijọ́. Chinatsu jó yí ẹ̀rọ ká.

Fumie mú irin tó tẹ̀ yẹn relé fún Eikichi ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í fojú èèyàn wo gọ́ọ̀mù.

"Bàbá Hiroko, ẹ bá mi ya irin méjì yìí kúrò lára ara wọn."

"Gọ́ọ̀mù lásán-làsàn?" Ó mú irin ìgbẹ́gi àti òòlù. Ó gbá a, irin ìgbẹ́gi yọ̀. Ó tún gbá a, ẹnu irin ìgbẹ́gi kán.

Eikichi gbé e sójú, ó wo ẹnu tó kán náà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Hiroko, èyí kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Oríkunkun ẹ ni wọ́n pò sínú ẹ̀!"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n!"

Fumie bu ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Ọbẹ̀ ń tutù lọ, Eikichi ṣì ń fi èékánná wá ojú ibi tí irin méjèèjì ti pàdé.